Ẹni tí Yóò Sáré Jìnnà

Òwe àwọn àgbà wí pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó mọ òwe yìí, tí wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ eré ìje.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1954, ní Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, Jim Peters, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sá eré maratọ́ọ̀nù, èyí tí gígùn rẹ̀ lé ní ibùsọ̀ 26. Peters kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ náà. Òun ni ó kọ́kọ́ sá a tán kí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 tó pé, ní ọdún 1953. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ṣáájú ọjọ́ náà ni ó ti sá òmíràn kíkankíkan. Oòrùn mú, síbẹ̀ kò dẹ ẹsẹ̀. Nígbà tí ó wọ pápá, ó ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ṣíwájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ kọ̀ fún un: ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, títí a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò dé òpin, kò sì tún sá eré ìje mọ́. Joe McGhee ará Skọ́tíláǹdì, tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ réré, ni ó borí.

Agbára ènìyàn dàbí epo inú fìtílà: bí iná bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni epo ń yára tán tó. Àgbẹ̀ tí ó fi ìwàǹwára kọ ebè láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán kì í bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ń dánra wò, bí kò bá lè bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ, eré rẹ̀ ti yá jù fún ojoojúmọ́.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tí ń fi ojoojúmọ́ sáré kíkan. Ìgbà ìsinmi ni ara ń tún ara rẹ̀ ṣe, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láìdá. Bí oorun bá dá lójú ẹni tí ń sáré, bí oúnjẹ kò bá wù ú, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo lọ́jọ́ púpọ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń yára lù lówùúrọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò bá fi ọjọ́ díẹ̀ sinmi tìfẹ́tìfẹ́ lè fi oṣù púpọ̀ sinmi tipátipá.

Àwọn kan yóò wí pé ìwà ọ̀lẹ ni èyí. Kí wọ́n wo Eliud Kipchoge ará Kẹ́ńyà, tí ó sá maratọ́ọ̀nù ní Berlin ní ọdún 2022 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 9. Nínú ìdánrawò rẹ̀, ọjọ́ tí ó ń fi pẹ̀lẹ́ sáré pọ̀ ju ọjọ́ eré kíkan lọ. Ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ?

Nítorí náà, kí olùkọ́ àti òbí má ṣe yára pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí ó ṣíwájú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé òpin, tí ó sì tún lè sáré lọ́la, ni ìyìn tọ́ sí.