Dídáná sun olè kì í ṣe ààbò ìlú

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ. Bí a bá mú olè lọ́jà, ariwo á ta. Ẹnìkan á gbé táyà wá, ẹlòmíràn á gbé epo mọ́tò wá. Kò ní pẹ́, ọmọ ènìyàn á di eérú. Lẹ́yìn náà a ó máa wí pé: «Ara wa ni à ń dáàbò bò.» Irọ́ ni.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ààbò jẹ́. Ẹ lọ wo Àkàbà Ìdènà ní Kétu, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n mọ odi, wọ́n fi oníbodè sẹ́nu ọ̀nà. Àlejò kò lè wọlé kí wọ́n má rí ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, kì í ṣe ìbínú ọjọ́ kan.

Síbẹ̀, Kétu bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní 1883 ogun Dàhọ̀mì wọ ìlú náà, wọ́n dáná sun ún. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n yí ìlú ká fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ebi fi wọlé. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Abomey. Ní 1894, lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú ṣe. Ogun Dàhọ̀mì kan náà ni Abẹ́òkúta lé padà ní 1851 àti ní 1864. Abẹ́òkúta ní odi, Kétu náà ní odi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá ló para pọ̀ sínú odi kan ní Abẹ́òkúta; Kétu dá dúró, oúnjẹ sì tán.

Ẹnìkan á wí pé: «Póólíìsì jìnnà. Bí wọ́n bá mú olè lónìí, a ó tún rí i lọ́jà lọ́la.» Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 1999, ní agbègbè Couffo, nígbà tí ọkùnrin kan tí à ń pè ní Colonel Dévi kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n pè ní olè ni wọ́n dáná sun. Ta ló jẹ́rìí? Ta ló gbọ́ ẹnu wọn? Bí ẹni tó jẹ ọ́ lówó bá nawọ́ sí ọ, tó kígbe «Olè!», ta ni yóò gbà ọ́?

Òfin gbà kí o jà nígbà tí ewu bá dé bá ọ, bí ìjà rẹ kò bá ti ju ewu náà lọ. Olè tí a ti so lọ́wọ́, ewu rẹ̀ ti tán. Ẹni tó bá pa á, apànìyàn ni. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pàápàá kò pa ọ̀daràn mọ́; ní 2012 ló wọ àdéhùn àgbáyé tó fòpin sí i.

Kí ni kí a ṣe? Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ọdẹ alẹ́, kí a fún wọn ní fèrè àti iná. Kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ wọn, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jí lọ sọ́jà. Kí wọ́n ní ìwé kan. Ìwọ tí o ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí, iṣẹ́ rẹ nìyí: kọ ọjọ́, kọ wákàtí, kọ ohun tí wọ́n jí, kọ orúkọ ẹni tí wọ́n mú àti orúkọ ẹni tó rí i. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ baálẹ̀, kí ẹ̀dà kejì bá ẹni tí wọ́n mú lọ sí kọ̀mísáríà. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lọ́la, a ó gbé ìwé wa lọ bá wọn, a ó bèèrè ìdí rẹ̀.