Aṣọ́gbó àti Iṣẹ́ Ara Rẹ̀

Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba, díẹ̀ ni iṣẹ́ wọn le tó ti aṣọ́gbó tí ń ṣọ́ ẹranko. Ẹ wo igbó tí ó yí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé ká, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ẹranko ní ọdún 1991. Ìwọ̀n rẹ̀ ju kìlómítà onígun mẹ́rin 2,500 lọ. Nínú igbó yìí ni àwọn aṣọ́gbó ń rìn kiri, kí àwọn tí ń dẹ̀gbẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ má baà pa ìgalà àti ẹfọ̀n run.

Ṣùgbọ́n aṣọ́gbó a máa ní ọjọ́ ìsinmi. Ó ha tọ́ kí ó ṣe iṣẹ́ mìíràn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bí? Àwọn kan wí pé ó tọ́. Wọ́n ní owó oṣù kò tó gbọ́ bùkátà, àti pé ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tán, òun ni ó ni àkókò tí ó kù. A kò lè gbé ọ̀rọ̀ wọn sọnù, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Òfin pàápàá kò ti gbogbo ilẹ̀kùn. Òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba tí a gbà fún gbogbo àkókò láyè láti máa ṣe òwò tàbí iṣẹ́ àdáni, ṣùgbọ́n ó yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáko lè dáko.

Lójú tèmi, òfin yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó fún aṣọ́gbó. Bí akọ̀wé bá gbin iṣu, iṣu rẹ̀ kò lè ba ìwé tí ó ń kọ jẹ́. Ti aṣọ́gbó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oko rẹ̀ bá wà létí igbó tí ó ń ṣọ́, tí ọ̀bọ sì jẹ àgbàdo rẹ̀ tán, ta ni yóò gbèjà ẹranko ní ọjọ́ kejì? Olùṣọ́ wọn ti di ọ̀tá wọn.

Ewu kan tún wà tí ó ju èyí lọ. Aṣọ́gbó mọ odò tí àwọn ẹranko ti ń mu omi; ó mọ ọ̀nà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbà lọ́la àti wákàtí tí wọn yóò padà. Ìmọ̀ yìí kì í lọ sí ìsinmi. Bí ó bá ń bá àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́ ṣòwò, tàbí tí ó ń ṣamọ̀nà fún àwọn tí ń gé gẹdú, àṣírí igbó ni ó ń tà. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Bí kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan fún wọn, ta ni yóò gbà á gbọ́ bí a bá bá òkú ẹranko nínú igbó lọ́jọ́ kejì?

Nítorí náà, irú iṣẹ́ náà àti ibi tí a ti ń ṣe é ni ó yẹ kí àwọn ọ̀gá máa wò ju ọjọ́ àti wákàtí lọ. Ní ìkínní, kí aṣọ́gbó kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó dá oko, kí oko náà sì jìnnà sí ààlà igbó. Ní ìkejì, ìbọn àti aṣọ ìjọba kò gbọdọ̀ bá a dé ibẹ̀. Ní ìkẹta, kí ó má ṣe lọ́wọ́ nínú òwò ẹran ìgbẹ́, awọ, eyín erin tàbí gẹdú, ìbáà ṣe nípasẹ̀ aya tàbí ọ̀rẹ́.

Ìjọba náà ní ẹrù tirẹ̀ láti rù. Bí owó oṣù bá ń pẹ́, òfin tí ó dára jù lọ yóò di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kò yẹ kí a fi ebi pa ẹni tí a fi ìṣúra sí lọ́wọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò di òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọjọ́ ìsinmi jẹ́ ti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ní kí ó ṣọ́ kì í ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ kankan.