Ẹ Fi Ikú Onídòjé Sílẹ̀, Ẹ Wo Ìyá Dürer

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ṣe ya ikú ní sáà Renaissance, láàrin nǹkan bí ọdún 1400 sí 1600, egungun gbígbẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn án: egungun tó ń jó, egungun tó gun ẹṣin, egungun tó gbé dòjé dání. Wọ́n dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òótọ́ ikú wà gan-an ni àwọn ìwé pélébé tí ayàwòrán ti tẹjú mọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tó sì ya ohun tó rí.

Kì í ṣe pé egungun kò wúlò. Ní 1538, wọ́n tẹ àwòrán ijó ikú tí Hans Holbein yà jáde ní ìlú Lyon, mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Póòpù wà níbẹ̀, ọba ń bẹ, àgbẹ̀ ń bẹ. Nínú ọ̀kan, ikú fa ọmọdé kan lọ́wọ́ jáde nínú ahéré, ìyá rẹ̀ sì wà nídìí oúnjẹ tó ń sè. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro: ikú ò mọ olówó, kò mọ tálákà. Àmọ́ ẹ̀kọ́ lásán ni. Òǹwòran á mi orí, á sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Leonardo da Vinci kò wàásù fún ẹnikẹ́ni ní ìparí 1479. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gún Giuliano de' Medici, ọ̀kan nínú ìdílé tó ń ṣàkóso Florence, pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Ìjọba ní kí ayàwòrán Botticelli ya àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà sára ògiri láti fi dójú tì wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Bernardo Baroncelli, ti sá dé Constantinople, ṣùgbọ́n Sultan ibẹ̀ fà á lé ìjọba Florence lọ́wọ́, wọ́n sì yẹgi fún un tòun ti aṣọ Tọ́kì lọ́rùn rẹ̀. Leonardo, ọmọ ọdún 27, ya òkú náà bó ṣe rọ̀ dirodiro, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní dídè sẹ́yìn. Ó tún kọ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi télọ̀ tó ń gbaṣẹ́: fìlà kékeré, ẹ̀wù sátínì dúdú, àwọ̀lékè aláwọ̀ aró tí wọ́n fi irun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tẹ́ nínú, ọrùn rẹ̀ jẹ́ àrán.

Àwọn kan ń pe èyí ní àìláàánú. Wọn kò rí i pé ẹ̀gàn gan-an ni Leonardo sá fún níbẹ̀. Àwòrán ìdójútì Botticelli ti pòórá, nítorí wọ́n pa á rẹ́ ní 1494 nígbà tí agbára bọ́ lọ́wọ́ ìdílé Medici. Ti Leonardo ṣì wà ní Bayonne, nílẹ̀ Faransé, ẹni tó bá wò ó yóò sì rí ènìyàn kí ó tó rí ọ̀daràn.

Albrecht Dürer ará Nuremberg ló jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí jù, nítorí ó ya irú méjèèjì, egungun àti ènìyàn. Ní 1505, ó fi èédú ya ikú bí egungun tó dé adé, tó gbé dòjé, tó gun ẹṣin tó ti rù kan eegun, agogo sì wà lọ́rùn ẹṣin náà. Ní oṣù kẹta 1514, èédú náà ló tún mú, ó fi ya ìyá rẹ̀, Barbara, ẹni ọdún 63. Ọmọ 18 ni obìnrin yìí bí, mẹ́ta péré ló kù fún un. Iwájú orí rẹ̀ hun jọ, eegun ọrùn rẹ̀ yọ gọngọ, iṣan ta jáde, ojú rẹ̀ kan ń wo ibòmíràn. Dürer kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá kú ní oṣù karùn-ún, ó sì fi yíǹkì kọ ọjọ́ àti wákàtí tó kú sórí ìwé náà.

London ni ikú ẹlẹ́ṣin wà, Berlin ni ìyá wà. Bí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjèèjì bá lè gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún oṣù mélòó kan, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán yóò rí bí ọwọ́ kan náà ṣe kúrò nídìí àfinúrò, tó bọ́ sórí ẹni tó mọ̀ dunjú. Yóò sàn fún wọn ju kí wọ́n tún pàtẹ egungun mìíràn lọ.