Orin Kan fún Ẹni tí Ó Padà Wálé

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ ní ẹ̀rù tirẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin ti òkè òkun dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ jìnnà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" N kò rí ìmọ̀ràn fún un. Orin jáàsì kan ni mo fi sí i: Body and Soul, èyí tí ó túmọ̀ sí ara àti ọkàn.

Ọdún 1930 ni orin náà jáde. Johnny Green, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ohùn rẹ̀ fún Gertrude Lawrence, òṣèrébìnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fi gbogbo ara rẹ̀ fún olólùfẹ́ ni. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ìpín mẹ́rin ni ó sì ní. Ìpín kìíní, ìkejì àti ìkẹrin jọra. Ìkẹta ni ó ṣàjèjì. Níbẹ̀, ohùn orin gòkè díẹ̀ kúrò níbi tí ó wà, ó tún sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó padà sílé.

Ní ọdún 1934, Coleman Hawkins, ògbóǹtarìgì afunfèrè sasofóònù, fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ sí Yúróòpù. Nígbà tí ó padà ní 1939, àwọn ọ̀dọ́ bíi Lester Young ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, ó gba orin yìí sílẹ̀ ní New York. Ó fọwọ́ kan ohùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀, ó ń hun ohùn tirẹ̀ títí dé òpin. Kò sí akọrin níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó yí orin náà po, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà tí yóò fi parí, fèrè náà ti ké sókè, ó kún yàrá. Àwo náà tà gan-an, ó sì di òṣùwọ̀n fún àwọn afunfèrè tí ó tẹ̀lé e. John Coltrane náà gba orin yìí sílẹ̀ ní 1960.

Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò mi gbọ́ ni pé Hawkins kò sáré lé àwọn tí ó bá nílé. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó fun jáde.

Nígbà tí orin parí, àbúrò mi kò sọ nǹkan kan ju pé kí n tún un fi sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tú àpótí tí ó ti wà ní dídì láti ọjọ́ tí ó ti dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé sọ́dọ̀ yín, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì fi orin yìí sí i fún un.