Ta Ni Fọ́ọ̀mù Ayélujára Ń Fi Sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn?

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àjọ tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, àti olóṣèlú tó fẹ́ mọ ibi tí ọkàn ará ìlú wà, gbogbo wọn ló ti mọ̀ báyìí pé fóònù lè bá wọn béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Wọ́n á ṣí Google Forms, wọ́n á to ìbéèrè sí i, wọ́n á ju líǹkì rẹ̀ sórí WhatsApp. Kó tó di alẹ́, ìdáhùn ti ń rọ́ wọlé. Ohun tí wọn kì í sábà wádìí ni pé àwọn wo ni kò dáhùn. Ní Òkè-Ògùn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí irinṣẹ́ tí ènìyàn bá yàn ti pinnu ẹni tí yóò gbọ́ ìbéèrè náà àti ẹni tí kò ní gbúròó rẹ̀ rárá.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní agbègbè náà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kajú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun níbẹ̀. Àgbẹ̀ púpọ̀ kì í sùn sílùú láàárín ọ̀sẹ̀. Àbà ni wọ́n ń gbé, ó di ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára ní ìgboro lè ti kú pátápátá kí ọ̀kadà tó dé ìdí ebè. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí kò lè ṣí líǹkì kankan ló wà lápò ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Nínú àwọn tó tiẹ̀ ní fóònù ńlá, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọmọ wọn tàbí ẹni tó ta fóònù náà ló bá wọn ṣí àkáǹtì Google, wọn kò sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù bá ti ní òun kò fẹ́ kí ẹnì kan dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, Google á ní kí olúkúlùkù wọ àkáǹtì rẹ̀ kó tó dáhùn. Ẹnu ọ̀nà ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa dúró sí.

Ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ hàn gbangba ṣáájú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg gbé èsì ìwádìí kan jáde, èyí tí Premise, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, fi áàpù orí fóònù ṣe fún un. Ènìyàn 3,973 ló dáhùn. Nínú àwọn tó ní àwọn ti mọ ẹni tí àwọn fẹ́ dìbò fún, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún dárúkọ Peter Obi. Nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde èsì, Bọ́lá Tinúbú ní ìbò 8,794,726, Obi ní 6,101,533, ó sì wà ní ipò kẹta. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Tinúbú ní 449,884, Obi ní 99,110. Wọ́n gbé ẹjọ́ ìdìbò náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kí ọ̀rọ̀ tó parí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín áàpù àti àpótí ìbò tóbi ju ohun tí a lè gbójú fò lọ. Àwọn Premise sì gbìyànjú o: wọ́n fi ọjọ́ orí, akọ àti abo, àti ibùgbé ṣe ìwọ̀n àwọn tí wọ́n mú. Àmọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń lo áàpù ní ìlú ńlá kò lè gbẹnu sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lábà lẹ́yìn Tẹdẹ. Ilé-iṣẹ́ Stears, tí òun náà ṣe ìwádìí ṣáájú ìdìbò náà, gbé èsì méjì kalẹ̀. Wọ́n ní bí ènìyàn bá jáde púpọ̀, Obi ni. Bí wọ́n bá jáde díẹ̀, Tinúbú ni. Àwọn tó jáde kò tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá rò ó wò pé àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè lè má jẹ́ àwọn tó máa lọ tò lórí ìlà, òun ló súnmọ́ òtítọ́.

Nínú àwọn irinṣẹ́ tó wà, ìbò orí WhatsApp, tó dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ló rọrùn jù lójú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Ó wúlò fún ọjọ́ ìpàdé, àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ àti iye ìdáwó. Kò yẹ kó kọjá ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ orí WhatsApp náà ló lè rí orúkọ ẹni tó mú èyí àti ẹni tó mú tọ̀hún. Ká ní ọ̀rọ̀ oyè ni, tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tàbí bí alága ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe sí, tí baálẹ̀ àti alága ẹgbẹ́ òṣèlú sì wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ta ló fẹ́ fi ìka tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an? Ìbò Telegram máa ń fi orúkọ pa mọ́ bí ẹni tó dá a sílẹ̀ kò bá yí i padà, ó sì sàn jù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tó wà lórí Telegram ní Òkè-Ògùn kò pọ̀ tó àwọn tó wà lórí WhatsApp. SurveyMonkey ńkọ́? Ìbéèrè mẹ́wàá ni ti ọ̀fẹ́ fàyè gbà, owó tó bá dọ́là rìn ni ti olówó. Kò sí ohun tí ẹgbẹ́ ìlú fẹ́ fi ṣe.

Google Forms ní àyè tirẹ̀. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n ń fi àwòrán aṣọ òfì ránṣẹ́ sí oníbàárà l'Ékòó àti lókè òkun ń lo íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Fọ́ọ̀mù lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó lè dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, àti ọmọ ìlú tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Ewu rẹ̀ ni kí wọ́n wá fi ìdáhùn àwọn wọ̀nyí ṣe ìdáhùn gbogbo ìlú. Ká ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa dáwó fún, gbọ̀ngàn tàbí kànga ẹ̀rọ. Àwọn tó wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù lè fi gbọ̀ngàn borí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe ìnáwó bí wọ́n bá wálé. Obìnrin tó ń ru omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò rí líǹkì kankan.

Fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ tó yẹ ni KoboToolbox tàbí ODK tó bí i. Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ni ODK ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, nítorí àwọn ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí gan-an. Ènìyàn á jókòó sílùú, á kọ ìbéèrè sórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń béèrè á fa fọ́ọ̀mù náà sórí fóònù Android wọn. Wọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́ta wà lábà láìrí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù á máa tọ́jú ìdáhùn, ó sì di ìgbà tí wọ́n bá padà dé Ṣakí kó tó rán gbogbo rẹ̀ lọ. Bí àgbẹ̀ bá ní òun kò gbin kajú, fọ́ọ̀mù á fo gbogbo ìbéèrè orí kajú fúnra rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lè gba Yorùbá, Fúlàní àti Gẹ̀ẹ́sì, kí olùbéèrè yan èyí tó bá ẹni iwájú rẹ̀ mu. Ẹnu ni àgbẹ̀ fi ń dáhùn. Kò nílò fóònù, kò nílò ìwé kíkà. Ọmọ agbègbè tó gbọ́ Oǹkò, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ló yẹ kó béèrè, kí àgbà má baà máa wá bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí rédíò.

Irinṣẹ́ yìí náà kò lè yan ènìyàn fúnni. Bí olùbéèrè bá kàn dúró ní ẹnu ọjà tó ń dá ẹni tó rí dúró, àṣìṣe àtijọ́ náà ni. Agbo-ilé ló yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀, kí wọ́n fa orúkọ díẹ̀ yọ nínú wọn láìṣe ojúsàájú, kí wọ́n sì kọ àwọn àbà náà mọ́ ọn. Nǹkan bí 400 ènìyàn tí wọ́n fà yọ báyìí lè sọ èrò ìlú fúnni, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní sábà ju bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó tẹ líǹkì fúnra wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin ló yẹ kó bá obìnrin sọ̀rọ̀, pàápàá ní ilé ẹlẹ́hàá, níbi tí ọkùnrin àjèjì kò lè wọ̀, tó sì jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé, ọwọ́ baálé ló wà.

Ọ̀rọ̀ ìjà àgbẹ̀ àti darandaran tún gba ìṣọ́ra ju gbogbo èyí lọ. KoboToolbox lè fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ènìyàn wà gan-an. Bí wọ́n bá ń ka kànga, ó dára. Bí wọ́n bá ń béèrè ẹni tó ba oko jẹ́ tàbí ẹni tó pa màlúù, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n má gba orúkọ, kí wọ́n má gba nọ́ńbà fóònù. Òfin ààbò dátà tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ ènìyàn, kí wọ́n má sì gbà ju ohun tí wọ́n nílò lọ. Gáà Fúlàní náà gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan á ní owó ọ̀kadà àti owó iṣẹ́ àwọn olùbéèrè pọ̀. Òótọ́ ni pé ó pọ̀ ju ti líǹkì tí kò ná nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n Pólì Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, Yunifásítì LAUTECH ní ọgbà sí Ìsẹ́yìn, àwọn ọmọ tó gbọ́ èdè agbègbè náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fi ìsinmi ṣe é. Ìparí ọdún ni ìjọba máa ń ṣètò ìṣúná. Tí ìjọba ìbílẹ̀ kan bá rán irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ìdáhùn àwọn ará àbà á ti wà lórí tábìlì kí wọ́n tó pín owó.