Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Ló Ń Da Gbogbo Rẹ̀ Rú

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò genotype nígbà méjì, tí ti àkọ́kọ́ ní AA, tí ti ìkejì ní AS? Èmi mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ni. Káàdì ìgbéyàwó ti jáde kó tó mọ̀. Látọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ṣé a ò lè ka DNA fúnra rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú ni?

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín A àti S kò ju lẹ́tà kan lọ. Nínú jíìnì beta-globin, níbi tó yẹ kí GAG wà, GTG ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló máa ń ní fòní-kú-fọ̀la-dìde.

Okùn DNA mọ ẹnìkejì rẹ̀: A ń wá T, C ń wá G. Tí a bá fi okùn kúkúrú tí a mọ lẹ́tà rẹ̀ sínú omi tí DNA wà, tó sì rí ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n á lọ́ mọ́ra. Báwo la ṣe máa wá mọ̀ pé wọ́n ti lọ́ mọ́ra? Wọ́n sábà máa ń lẹ àwọ̀ tó ń tàn mọ́ okùn náà, owó ńlá sì nìyẹn.

Ọ̀nà míì wà tó wù mí. Ẹ wo ìtànṣán oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Eruku tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká ló jẹ́ ká rí i. Ní 1993, Robert Pasternack àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí porphyrin, mólékù kékeré tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí heme inú ẹ̀jẹ̀ wa, bá tò jọ sára DNA, ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n ká á pọ̀ gan-an. Fluorometer lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí a bá wá lo mólékù tó fẹ́ràn okùn méjì tó lọ́ mọ́ra ju okùn kan lọ, ìmọ́lẹ̀ á sọ fún wa pé wọ́n ti pàdé. Kò sí pé à ń lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ṣebí ìdọ̀tí náà ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká?" Òótọ́ ni. A ní láti kọ́kọ́ fọ DNA mọ́, ká sì sọ ọ́ di púpọ̀. Okùn tí lẹ́tà kan ò bá mu pàápàá ṣì lè lọ́ mọ́ra. Ooru la fi ń dá a mọ̀, torí òun ló máa kọ́kọ́ tú. Torí náà, ẹni tó bá ní òun ti ń tà á lọ́jà fún àyẹ̀wò genotype, ẹ bi í dáadáa.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì tó ní sùúrù lè ṣe ni. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa fún wọn láǹfààní ẹ̀, dípò ká máa retí ohun tí wọ́n á kó wá láti òkè òkun.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ ṣe genotype yín níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ káàdì o.