Fáìlì Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Tún Ṣe, Kí Iná Lésà Tó Kan Pákó

Orúkọ tó bàjẹ́ lórí pátákó àmì-ẹ̀yẹ ti di ohun tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ìdílé kan á fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún ìyá wọn, wọ́n á san owó pákó tó dára, wọ́n á san owó iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé pátákó náà jáde níwájú àwùjọ, àmì ohùn tó yẹ kó wà lórí ọ á ti sún sí ẹ̀gbẹ́, àmì abẹ́ ẹ á ti pòórá, àpótí kékeré tó ṣófo á sì ti gba ipò lẹ́tà kan. Gbogbo ènìyàn á ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Ẹ̀rọ kọ́. Ẹ̀rọ lésà kò mọ orúkọ, kò gbọ́ èdè. Ohun tó bá wà nínú fáìlì ló ń fín. Fáìlì tí wọn kò tọ́jú kí wọ́n tó gbé e wọ inú sọ́fútíwíà ló fa àbùkù yìí. Ìtọ́jú fáìlì sì yẹ kó di iṣẹ́ tó dá dúró, tí oníbàárà ń sanwó fún, tí oníṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fò.

Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ń fi ojú ṣọ́ ọ̀bẹ wọn. Bí ọ̀bẹ bá fẹ́ yà, ọwọ́ á dá a padà. Lésà kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1964 ni Kumar Patel ṣe ti afẹ́fẹ́ carbon dioxide ní Bell Labs, irú èyí tó ń gé pákó àti acrylic ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lónìí. Agbára ìmọ́lẹ̀ náà ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà, àmọ́ kò sí ìgbà kankan tó dá àṣìṣe mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó tọ̀nà. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìpinnu ti gbọ́dọ̀ parí.

Irú àwòrán méjì ló ń wọ sọ́fútíwíà bíi LightBurn, RDWorks tàbí LaserGRBL, ìwà wọn kò sì jọra. Ọ̀kan ni fọ́tò, JPEG tàbí PNG, tó jẹ́ pé pixel, àwọn ẹyọ àwọ̀ tín-ín-tín, ni wọ́n tò jọ tó fi di àwòrán. Èkejì ni vector, bíi SVG àti DXF, tó jẹ́ pé ìrìn ìlà ló kọ sílẹ̀: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti tẹ̀, ibi tó parí sí. Lésà lè tọ ìlà vector kó sì gé e. Kò lè tọ fọ́tò. Ńṣe ni yóò máa lọ máa bọ̀ lórí rẹ̀, tí yóò máa tàn tí yóò máa kú, títí àwòrán á fi jáde. Ẹni tó bá sì rò pé bí òun bá ti fi fọ́tò pamọ́ sínú PDF ó ti di vector, ara rẹ̀ ló ń tàn. Fọ́tò náà ṣì ni.

Ohun tí oníbàárà sábà ń fi ránṣẹ́ ni àmì ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ tí wọ́n fi fóònù yà láti ara ìwé ètò, tí WhatsApp sì ti fún pọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí àmì náà bá fẹ̀ ní pixel 600, tí wọ́n sì fẹ́ fín in ní pixel 10 fún mìlímítà kan, mìlímítà 60 péré ni yóò kárí. Bí wọ́n bá wá fà á dé mìlímítà 300 fún pátákó ńlá, pixel 2 ló kù fún mìlímítà kan, etí lẹ́tà á sì rí págunpàgun. Wọn ì báà dín iyára ẹ̀rọ kù, wọn ì báà fi kún agbára iná, kò ní tún un ṣe. Ó yẹ kí oníbàárà mọ̀ pé bí òun bá fi fọ́tò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document lórí WhatsApp, kò ní fún un pọ̀. Ó sì dára jù kó wá fáìlì vector náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ya àmì ìjọ rẹ̀.

Vector náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, pàápàá lórí ìwọ̀n. Illustrator, sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń yàwòrán, ń ka pixel 72 sí ínṣì kan nínú SVG. Inkscape, tó jẹ́ irú rẹ̀, ń ka 96. Pátákó tí wọ́n yà ní mìlímítà 300 nínú Illustrator lè wọlé sínú sọ́fútíwíà tó ń ka 96 ní mìlímítà 225. Kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú, nítorí gbogbo rẹ̀ ló jọ kéré, àfi ìgbà tí wọ́n bá gé e tán tí kò wọ inú férémù. DXF, tí Autodesk gbé jáde pẹ̀lú AutoCAD lọ́dún 1982, le ju ìyẹn lọ: ọ̀pọ̀ fáìlì rẹ̀ ni kò sọ bóyá mìlímítà ni òun ń kà tàbí ínṣì. Kí oníṣẹ́ wọn ohun kan tó mọ gígùn rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kó tó tẹ bọ́tìnì kankan. Kí ó tún wo ìlà tó wà lórí ara wọn, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni lésà yóò gba ibẹ̀ kọjá, pákó á sì jóná dúdú; àti ìlà tí kò padé, nítorí sọ́fútíwíà kò ní mọ inú rẹ̀ tí yóò kún.

Lẹ́tà Yorùbá ni wàhálà ti pọ̀ jù. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà kárí ayé, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Á àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ, á tún kọ àmì ohùn lọ́tọ̀, fọ́ńtì ló sì máa gbé àmì náà lé orí lẹ́tà. Fọ́ńtì tí ẹni tó ṣe é kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn á ju àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó gbé e gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Charis SIL, Gentium àti Noto Sans mọ ibi tó ń gbé e sí, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́ńtì aláràbarà tí àwọn ayàwòrán ń lò fún káàdì ìgbéyàwó kò mọ̀ ọ́n.

Ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ gún régé lójú kọ̀ǹpútà ayàwòrán, kọ̀ǹpútà mìíràn ló ń darí lésà. Bí fọ́ńtì náà kò bá sí níbẹ̀, sọ́fútíwíà lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí kí ọ̀rọ̀ náà má wọlé rárá. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n sọ lẹ́tà di ìlà kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ ayàwòrán. Àwọn tó ń lo CorelDRAW, tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn atẹ̀wé Nàìjíríà, ń pè é ní convert to curves, wọ́n á tẹ Ctrl àti Q. Illustrator ń pè é ní Create Outlines, Inkscape ní Object to Path. Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó nílò fọ́ńtì mọ́. Kò sì ṣeé tún kọ mọ́, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ayàwòrán tọ́jú ẹ̀dà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé yí padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà tún gba àròjinlẹ̀. Bí wọ́n bá ń gé orúkọ kan jáde pátápátá nínú pákó láti kàn án mọ́ ògiri, àmì kínkín tó dá dúró lábẹ́ ọ yóò já bọ́ sórí tábìlì ẹ̀rọ, ti orí náà á sì tẹ̀ lé e. Ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán tó sì kan lẹ́tà, bí ọ̀pọ̀ àgbà ṣe ń fi ọwọ́ kọ ọ́, ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fa ti orí náà mọ́ lẹ́tà pẹ̀lú afárá tín-ín-rín. Àmọ́ níbi tí ìlà bá ti gun ara lẹ́tà, kí wọ́n so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní weld. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí wọ́n bá ń gé e, lésà á gé àmì náà kúrò lára lẹ́tà; nígbà tí wọ́n bá ń fín in, á fo ibi tí wọ́n ti pàdé, ojú funfun á sì kù sí àárín lẹ́tà. Bí lẹ́tà bá kéré gan-an, kí wọ́n mú àmì náà tóbi ju bí fọ́ńtì ṣe ṣe é lọ, kí èéfín pákó má baà gbé e mì.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú yọ àmì náà kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ìwé Àjàyí Crowther lórí èdè Yorùbá ti ọdún 1852 ní àmì abẹ́ lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé òjé ni atẹ̀wé ń fi ọwọ́ tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àwíjàre fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn á ní sọ́fútíwíà lè tọ fọ́tò fúnra rẹ̀ kó sọ ọ́ di vector. Òótọ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí àwòrán dúdú àti funfun tó mọ́ kedere. Lórí fọ́tò tó ṣú, yóò ka òjìji sí ìlà, yóò sì ka àmì ohùn sí ìdọ̀tí tó yẹ kó nù kúrò.

Àwíjàre tó ní ìwúwo ni ti owó. Oníbàárà ń rí iná tó ń jó lórí pákó fún ìṣẹ́jú díẹ̀; kò rí àkókò tí ẹnì kan fi jókòó tún àmì ìjọ yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni oníṣẹ́ fi ń sáré. Kí rìsíìtì pín owó náà sí méjì: owó fáìlì lọ́tọ̀, owó fínfín lọ́tọ̀. Ẹni tó bá gbé fáìlì tó ti pé wá kò ní san ti àkọ́kọ́. Oníṣẹ́ tó bá sì gba owó fáìlì, tó tún ba orúkọ jẹ́, òun ni yóò fi owó ara rẹ̀ ra pákó mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orúkọ òbí yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù lésà, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ orúkọ náà pẹ̀lú àmì rẹ̀, ẹ má fi ohùn sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fín in sórí páálí, kí ẹ sì kà á lẹ́tà lẹ́tà kí ẹ tó san owó tó kù.